Èmi tí mo ń gba àlejò di àlejò ní Bàhíà

Agogo mẹ́sàn-án alẹ́ ni mo máa ń ti géètì ilé mi. Yàrá mẹ́fà ni mo ní fún àlejò, lójú ọ̀nà tó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Igbó Ọ̀ṣun níbí ní Ọ̀ṣogbo, ó sì ti lé lọ́dún mẹ́jọ tí mo ti ń fi wọ́n jẹun. Òfin géètì yẹn kò yẹ̀ rí. Àlejò tó bá pẹ́ kọjá agogo mẹ́sàn-án, yóò dúró síta kanlẹ̀kùn títí mẹgádì á fi nu ojú oorun wá ṣí i. Lójú tèmi, ìtọ́jú nìyẹn. Ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n, wọn kò gbédè, wọn kò mọ kọ̀rọ̀. Bí nǹkan bá ṣe wọ́n, kí ni mo fẹ́ wí?

Obìnrin kan láti ìlú Salvador, ní ìpínlẹ̀ Bàhíà nílẹ̀ Bùràsíìlì, wọ̀ sílé mi lẹ́ẹ̀mejì fún ọdún Ọ̀ṣun. Ọjọ́ tó ń padà lọ lẹ́ẹ̀kejì, ó ń di ẹrù rẹ̀, ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì tí àwa méjèèjì jọ ń ṣẹ́ sọ fún mi pé: "Màmá, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti wá sí Ọ̀ṣogbo, mi ò tíì rí alẹ́ Ọ̀ṣogbo rí." Ọ̀rọ̀ náà gún mi lára. Mo bi í pé kí ló wà lálẹ́ Ọ̀ṣogbo tó fẹ́ rí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí èmi náà wá wo tiwọn.

Bí eré, bí eré, mo bẹ̀rẹ̀ sí í dá àjọ sí i. Ọdún mẹ́ta ni mo fi dá a. Mẹ́kà nìkan ni mo ti lọ rí lókè òkun, ìyẹn kì í sì í ṣe ìrìn afẹ́: àwa mẹ́fà nínú yàrá kan, ohun tí a bá lọ ni a gbájú mọ́, kò sẹ́ni tó ń wo bí ibùsùn ṣe rí. Èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tí màá fi owó ara mi sanwó yàrá nílẹ̀ ibòmíràn kí n kàn lè jókòó, kí n sì máa wòran.

Ẹni bá wo àwòrán ayé, á rí i pé òkun kan ṣoṣo ló wà láàárín Èkó àti Salvador. Àmọ́ bàálù tí owó mi ká, ìlà oòrùn ló kọ́kọ́ gbé wa lọ, ó di Addis Ababa ní Etiópíà, ká tó wá kọrí padà, ká tún gba orí Áfíríkà kan náà kọjá lọ sí São Paulo. Láti Addis dé São Paulo nìkan, nǹkan bíi wákàtí méjìlá ni. Mo tún wọ bàálù mìíràn níbẹ̀ lọ sí Salvador. Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú, tààrà ni wọ́n gbé wọn gba orí òkun. Èmi tí mo fi owó mi sanwó ọkọ̀, àyípoyípo ni wọ́n gbé mi gbà. Mo rò ó títí nínú bàálù, oorun ò kùn mí.

Ìparí oṣù kìíní ni mo débẹ̀. Ooru mú bíi ti oṣù kẹta níbí. Agogo wọn fi wákàtí mẹ́rin wà lẹ́yìn tiwa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí yóò wúlò níwájú.

Yàrá tí mo gbà sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, fèrèsé tó kọjú sí òkun ló wà nínú àwòrán rẹ̀. Nígbà tí mo débẹ̀, fèrèsé wà lóòótọ́, ògiri ilé kejì ló kọjú sí. Ọmọ tó wà nídìí tábìlì tí wọ́n ti ń gbàlejò kò gbé ojú kúrò lára fóònù rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ ló nà sí mi bí ẹni ń na ṣẹ́ńjì sí èrò ọkọ̀. Mo bínú. Mo ti ń tò ọ̀rọ̀ tí màá sọ jọ, àfi bí mo ṣe rántí àwòrán yàrá kẹfà tèmi. Igi máńgòrò tó hàn dáadáa lójú fèrèsé nínú rẹ̀, ó tó ọdún mẹ́ta tí a ti gé e lulẹ̀, mi ò sì yọ àwòrán náà kúrò. Mo gba kọ́kọ́rọ́ mi, mo dákẹ́. Ilẹ̀ mọ́, mo kó ẹrù mi jáde.

Ọ̀rẹ́ mi tó pè mí wá ló mú mi lọ sí ilé kejì, ní àdúgbò kan tí wọ́n ń pè ní Santo Antônio Além do Carmo. Pousada ni wọ́n ń pe irú ilé àlejò kékeré bẹ́ẹ̀. Ilé àtijọ́ ni gbogbo àdúgbò yẹn, wọ́n fara ti ara wọn bí eyín, ọ̀kan kun àwọ̀ ofeefee, èkejì búlúù, ẹ̀kẹta àwọ̀ ẹ̀fọ́. Ìyá kan tó ti tó ẹni àádọ́rin ọdún ló ni ín. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, mi ò gbọ́ èdè Potogí, ṣùgbọ́n onílé àlejò mọ onílé àlejò. Mo rí i bó ṣe ń fi ọwọ́ na aṣọ ibùsùn kó tó gbà mí láyè láti wọlé, èmi náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ohun tó ṣe lẹ́yìn ìyẹn ni mi ò ṣe rí. Ó fún mi ní kọ́kọ́rọ́ méjì: ti yàrá, àti ti ẹnu ọ̀nà ìta. Ó tọ́ka sí èyí ńlá, ó fi ọwọ́ yí agogo ara ògiri po, ó sì gbé èjìká: ìgbà tó bá wù mí ni kí n wọlé. Ó wá mú bébà, ó ya òpópónà àdúgbò náà sí i. Ó fa ìlà sábẹ́ ọ̀kan: èyí dára, tọ̀sán tòru. Ó ya oòrùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì: kìkì ọ̀sán ni kí n gba ibẹ̀. Ẹ̀kẹta, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè kan tó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ ìlú, ó fi gègé pa á rẹ́ pátápátá, ó sì ṣe bí ẹni já fóònù gbà lọ́wọ́ mi. Kò sọ fún mi pé kí n má jáde o. Ibi tí mo lè gbà ló sọ.

Ṣájà mi ò wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì wọn. Kí n tó ráhùn, ó ti fa àpótí kékeré kan jáde, orí ṣájà oríṣiríṣi ló kún inú rẹ̀, ti gbogbo orílẹ̀-èdè. Ó lé lọ́dún mẹ́jọ tí àlejò ti ń bi mí léèrè irú nǹkan bẹ́ẹ̀, "ẹ lọ rà á ní Ìgbọ̀nà" ni mo máa ń wí.

Ilé ìwẹ̀ nìkan ló bà mí lẹ́rù. Orí ṣáwà gan-an ni wọ́n so wáyà iná mọ́, òun ló ń mú omi gbóná bó ṣe ń dà. Iná àti omi lójú kan náà! Omi tútù ni mo fi wẹ̀ fọ́jọ́ mẹ́ta, kí n tó gbà pé gbogbo orílẹ̀-èdè wọn ló ń wẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọn ò sì kú.

Oúnjẹ àárọ̀ wà nínú owó yàrá. Ìbẹ́pẹ, ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísè, wàràkàṣì, kọfí dúdú nínú ife tó kéré bí ife oògùn, àti nǹkan pẹlẹbẹ funfun kan tí wọ́n ń yan lórí páànù, tapioca. Mo tọ́ ọ wò, mo ní ẹ̀gẹ́ mà lèyí. Ẹ̀gẹ́ ni lóòótọ́, ìyẹ̀fun rẹ̀ ni wọ́n ń fọ́n sórí páànù gbígbóná tó fi ń dì.

Ẹ jẹ́ kí n dé orí àkàrà.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, mo gbọ́ òórùn epo pupa. Mo tẹ̀lé e bí ajá. Obìnrin kan jókòó ní ìkóríta, aṣọ funfun oníléèsì tó fẹ̀ bí àgọ́, gèlè funfun, ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn, páànù epo níwájú, ó ń fi ṣíbí igi da ẹ̀wà lílọ̀ sínú rẹ̀. Acarajé ni wọ́n ń pè é. Àkàrà jẹ. Epo pupa ni, dendê, wọn kì í fi òróró dín in. Orí mi wú. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe na ọwọ́, obìnrin náà fi ọ̀bẹ la àkàrà náà sí méjì bí ẹni la búrẹ́dì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó nǹkan sí i nínú: vatapá, tí wọ́n fi búrẹ́dì, edé, ẹ̀pà àti omi àgbọn rò pọ̀, caruru, ìyẹn ilá, edé gbígbẹ odindi, tòmátì. Ó bi mí pé ṣé "quente", èyí ni pé gbígbóná. Ọ̀rẹ́ mi ṣàlàyé pé ata ló ń béèrè, pé kí n ṣọ́ra, àlejò máa ń sunkún. Mo ní kó da ata sí i. Mo jẹ ẹ́ tán, mo wo ojú wọn. Ata àwọn ọmọ ìkókó ni.

Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn yòókù rí. Abará wọn, àbàlá ni, ẹ̀wà lílọ̀ tí wọ́n fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wé, tí wọ́n sè, ọmọ ìyá mọ́ínmọ́ín. Acaçá, àkàsà ni, ẹ̀kọ tútù inú ewé. Mo jókòó síbẹ̀ mo ń rẹ́rìn-ín fún ara mi bí asínwín. Mo san owó ọkọ̀ tó tó owó ilẹ̀ láti wá jẹ àkàrà àti ẹ̀kọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni alẹ́ wọn ní Pelourinho. Pelourinho ni ọkàn ìlú àtijọ́ náà, UNESCO ti kà á mọ́ ogún àgbáyé láti 1985, ogún ọdún ṣáájú Igbó Ọ̀ṣun tiwa tó wọlé ní 2005. Salvador ló kọ́kọ́ jẹ́ olú ìlú Bùràsíìlì, láti 1549 títí di 1763, owó ìrèké àti owó ẹrú ló sì kọ́ àwọn ilé yẹn. Ìtumọ̀ orúkọ náà ni òpó tí wọ́n ń de ẹrú mọ́ láti nà án. Ojú ibẹ̀ gan-an ni ìlù ti ń dún báyìí. Nígbà tí mo lọ, kí àjà ṣọ́ọ̀ṣì São Francisco, tí góòlù bo ògiri inú rẹ̀ lókè nílẹ̀, tó já lulẹ̀ ní 2025, ìsìn máa ń wà níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n á pín búrẹ́dì fún tálákà. Bí wọ́n bá ti jáde báyìí, ìgboro ti yí padà. Ẹgbẹ́ Olodum, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1979, ló ni ìró tó máa ń mi òkúta ilẹ̀ ibẹ̀. Àwọn ni Michael Jackson wá bá yàwòrán ní 1996, títí di òní, bálíkónì tó dúró sí, owó ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ dúró síbẹ̀.

Agogo mẹ́wàá alẹ́ lu, mo ní ó tó, kí a máa lọ sílé. Ọ̀rẹ́ mi wò mí bí ẹni pé ara mi ò yá. Wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀! Ẹ rántí wákàtí mẹ́rin yẹn: lára tèmi, agogo méjì òru ló ti lù. Mo jókòó sórí àga oníke létí títì, omi àgbọn lọ́wọ́ mi, mo ń wo bí wọ́n ṣe ń mutí. Ìyẹn náà yà mí lẹ́nu. Ìgò bíà ńlá kan ṣoṣo ni èèyàn mẹ́rin ń pín nínú ife kéékèèké, wọ́n wọ aṣọ fún ìgò náà kó má baà gbóná. Kò sẹ́ni tó ń to ìgò òfìfo síwájú láti fi hàn pé owó wà lápò òun, bí àwọn ọ̀dọ́ wa ṣe ń ṣe. Ìyá arúgbó, ọmọ ọwọ́, ọlọ́pàá, oníṣòwò ìṣáná, gbogbo wọn ló wà ní títì. Nígbà tó di agogo méjìlá, ìlù kan bẹ̀rẹ̀, ó lọ́ra, ó ń lọ bí obìnrin tó ru omi. Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń pe ìlù yìí.

"Ijexá."

Mo ní kí wọ́n tún un wí. Ìjẹ̀ṣà! Iléṣà tí kò tó wákàtí kan nínú mọ́tò sí wa! Wọ́n ní ìlù Ọ̀ṣun nìyẹn, òun náà sì ni ẹgbẹ́ Filhos de Gandhy, tí àwọn òṣìṣẹ́ èbúté dá sílẹ̀ ní 1949, ń lù tí wọ́n fi ń yan ní ìgbà kánífà pẹ̀lú láwàní funfun lórí. Ọ̀rọ̀ yìí kò yẹ kó yà mí lẹ́nu púpọ̀, nítorí Ìpolé nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà náà ni Lároòyè ti wá tẹ Ọ̀ṣogbo dó. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ló pa mí. Mo ní àwọn òṣómàáló, wọ́n ti tẹ̀lé gbèsè dé òdìkejì òkun. Mo sapá láti túmọ̀ àwàdà náà fún wọn, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Mo dìde, mo jó. Alhaja jó o, ẹ má sọ fún ilé kéwú mi.

Ibi tí ojú ti kọ́kọ́ tì mí rè é. Bí ọ̀rẹ́ mi bá ti sọ pé Ọ̀ṣogbo ni mo ti wá, ojú àwọn èèyàn á yí padà. Wọ́n á di ọwọ́ mi mú. Wọ́n á bi mí nípa odò náà, nípa Arugbá, wúńdíá tó ń ru igbá Ọ̀ṣun, nípa Àdùnní Olórìṣà, Susanne Wenger, òyìnbó oníṣẹ́ ọnà tó di olórìṣà lọ́dọ̀ wa, ṣé mo mọ̀ ọ́n. Mo ní mo mọ̀ ọ́n lójú, ta ni kò mọ̀ ọ́n ní Ọ̀ṣogbo kó tó kú ní 2009, a máa ń rí i bó ṣe ń kọjá pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀. Wọ́n á ní kí n kọrin Ọ̀ṣun kan. Kò sí lẹ́nu mi. Ilé Mùsùlùmí ni wọ́n bí mi sí. Ojú ọ̀nà Igbó Ọ̀ṣun ni mo ń gbé, ara odò yẹn ni mo ti ń jẹun, mi ò sì mọ ju "Oore yèyé o" lọ. Ìyẹn gan-an, nígbà tí mo wí i, ìyá arúgbó kan tún ẹnu mi ṣe. Ó ní "Ora iê iê ô" ni, pé mi ò pè é dáadáa. Ohùn ti kúrò lórí ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu wọn, èdè Potogí kò ní àmì ohùn, ṣùgbọ́n ojú ìyá náà kò gba àríyànjiyàn. Mo tún un pè bó ṣe fẹ́.

Ọmọkùnrin kan tó ń mú èèyàn kiri ìlú ló tù mí nínú láìmọ̀. Ó bi mí pé irú ẹ̀sìn wo ni mo ń ṣe, mo ní Ìsìláàmù. Ó dúró. Ó ní "Malê!" Ìmàle. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn tí mi ò gbọ́ rí ní ilé kéwú. Lóru ọjọ́ 24 mọ́jú ọjọ́ 25 oṣù kìíní ọdún 1835, nínú oṣù Ramadan, àwọn ẹrú àti àwọn tó ti gba òmìnira, Mùsùlùmí, Yorùbá ló pọ̀ jù nínú wọn, dìde ogun sí ìjọba ní ìgboro Salvador yìí. Aṣọ funfun ni wọ́n wọ̀. Tírà wà lọ́rùn wọn, bébà tí wọ́n kọ ayọ̀kà Kùránì sí. Wọn ò borí. Wọ́n pa àwọn kan, wọ́n na àwọn kan ní pàṣán, wọ́n sì fi ọkọ̀ òkun kó ọ̀pọ̀ padà sí etíkun Áfíríkà. Ó fi ìka tọ́ka sí òpópónà tí ìjà náà gbà. Ìsàlẹ̀ ilé tí mo wọ̀ sí kọ́ ni, ṣùgbọ́n kò jìnnà. Mo kírun Ìṣáì lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo pẹ́ lórí ìforíkanlẹ̀.

Ọjọ́ kejì oṣù kejì ni ọdún Yemọja wọn, Iemanjá, ní àdúgbò Rio Vermelho. Àwọn apẹja ló ni ọdún náà. Ohun tí ọ̀pọ̀ àlejò kò mọ̀ ni pé wọn kì í kọjá Ọ̀ṣun lọ bá Yemọja. Òru mọ́jú ọjọ́ náà, wọ́n á kọ́kọ́ gbé ẹ̀bùn Ọ̀ṣun lọ sí Dique do Tororó, adágún omi kan láàárín ìlú, níbi tí ère òrìṣà mẹ́jọ tí Tatti Moreno ṣe ti dúró sórí omi, wọ́n ga fíofío. Òru náà ni ìyá onílé fi jí mi. Kì í ṣe pé ó gbà mí láyè láti jáde nìkan, òun fúnra rẹ̀ ló wọ bàtà tẹ̀lé mi! Ilẹ̀ ò tíì mọ́. Omi dúdú, iná títì ń mì lójú rẹ̀, àwọn obìnrin aláṣọ ofeefee ń kọrin, òdòdó àti lọ́fínńdà nínú apẹ̀rẹ̀. Nígbà tí a fi máa dé Rio Vermelho, wọ́n ti ń yin ohun ìbúgbàmù sójú ọ̀run, ìlà àwọn tó gbé òdòdó dání ti gùn ju ìlà epo bẹntiróòlù lọ. Ọ̀sán pọ́n kí wọ́n tó kó apẹ̀rẹ̀ sínú ọkọ̀ ojú omi. Lẹ́yìn náà ni fàájì wá bẹ̀rẹ̀, ó di òru, ìyẹn ò yàtọ̀ sí ti ibikíbi: bíà, ariwo, ẹsẹ̀ tó ń dùn mí.

Mo lọ sí ilé òrìṣà kan lálẹ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, ọ̀rẹ́ mi ló mú mi lọ. Aṣọ funfun ni kí n wọ̀, fóònù inú báàgì, ọkùnrin lápá kan, obìnrin lápá kejì, gẹ́gẹ́ bíi mọ́sáláṣí wa. Ìlù mẹ́ta, agogo kan. Àwọn obìnrin ń yí po nínú síkẹ́ẹ̀tì tó fẹ̀. Nígbà tí Ọ̀ṣun dé, abẹ̀bẹ̀ idẹ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, abebê náà ni wọ́n ń pè é, mo sì ń gbọ́ ọ̀rọ̀ nínú orin wọn ní ẹyọ ẹyọ, omi, ìyá, ilé, bí ìgbà tí èèyàn ń gbọ́ rédíò tí kò dúró lójú kan. Agogo kan òru kọjá kí wọ́n tó parí, wọ́n sì bọ́ gbogbo wa. Mi ò lọ síbẹ̀ láti yí ẹ̀sìn padà, mi ò sì yí i. Mo jẹun, mo dúpẹ́.

Gbogbo rẹ̀ kọ́ ló dùn. Àwọn ọmọ kéékèèké ń tọrọ jẹ ní Pelourinho títí òru, àwọn tó sì ń gbé àwọn òkè tí ìyá onílé pa rẹ́ lórí bébà, dúdú bíi tèmi ni wọ́n pọ̀ jù. Àwọn kan wà tí wọ́n wọ aṣọ alákàrà, wọn ò dín nǹkankan, àwòrán lásán ni wọ́n ń bá òyìnbó yà gba owó. Fóònù mi náà, ẹnìkan gbìyànjú láti já a gbà ní èbúté, ọ̀já ìborùn tí mo fi so ó mọ́ ọwọ́ ló gbà mí. Mo pariwo "Olè!" ní Yorùbá. Ó sá, bóyá ó gbọ́.

Mo padà dé Ọ̀ṣogbo nínú oṣù kejì. Mo ge kọ́kọ́rọ́ géètì mẹ́fà. Mẹgádì mi bínú, torí owó tí àlejò ń fún un lóru bó bá ṣílẹ̀kùn ló ń lọ yẹn. Mo fi díẹ̀ kún owó oṣù rẹ̀. Mo yọ àwòrán igi máńgòrò. Mo ra orí ṣájà. Mo sì jókòó láti ya òpópónà sórí bébà fún àlejò, ibẹ̀ ni mo ti rí i pé mi ò mọ alẹ́ ìlú tí wọ́n bí mi sí. Mo mọ Ọláìyá lọ́sàn-án. Ta ló ń ta súyà tó mọ́ ní Òkè-Fìà lẹ́yìn agogo mẹ́sàn-án, ibo ni wọ́n ti ń kọ fújì lọ́jọ́ Ẹtì, títì wo ni iná rẹ̀ ń tàn? Ọmọ mi ọkùnrin ló ń sọ fún mi, mo ń kọ ọ́, mo sì ń bi í pé báwo lòun ṣe mọ̀ ọ́n.

Àlejò àkọ́kọ́ tó lo kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wọlé ní agogo kan ààbọ̀ òru. Mi ò sùn títí tí mo fi gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀. Mi ò tíì borí ìyẹn.

Nígbà tó di oṣù kẹjọ, ọ̀rẹ́ mi dé pẹ̀lú obìnrin méjì mìíràn. Alẹ́ Àtùpà Olójú Mẹ́rìndínlógún, èmi ni mo kó wọn lọ sí ààfin. Gbogbo ọdún tí mo ti ń gbàlejò fún ọdún Ọ̀ṣun, àlejò mi kan kò rí àtùpà yẹn rí, torí àṣálẹ́ ni wọ́n ń tàn án, mọ́jú ló sì ń jó, géètì mi sì ti wà ní títì. Èmi fúnra mi, láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọdé lẹ́yìn ìyá bàbá mi ni mo ti rí i kẹ́yìn. A dúró nínú èrò títí Àtáọ́ja, ọba wa, fi jáde wá jó yí i ká, ẹ̀ẹ̀mẹta. Ọ̀rẹ́ mi ò sọ̀rọ̀. Ó kàn di ọwọ́ mi mú.

Bí a ṣe ń bọ̀ wálé, òórùn àkàrà gbé wa yà. Ìyá alákàrà kan ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, ó ń ta fún àwọn tó wòran. Mo ra fún gbogbo wa nínú bébà. Obìnrin kan nínú àwọn méjèèjì yẹn mú tirẹ̀, ó fi ọwọ́ là á sí méjì, ó wo inú rẹ̀, ó yí i, ó tún wò ó, ó wá na án padà sí ìyá náà bí ẹni tí wọn ò fún ní ṣẹ́ńjì rẹ̀ pé.

Ìyá alákàrà kọjú sí mi. "Alhaja, kí ló sọ nù sínú ẹ̀ tó ń wá?"